Ta Ni Ó Ní Kí A Máa Fi "Àwọn" Ka Òrìṣà?

Mo júbà àgbà awo lọ́kùnrin àti lóbìnrin kí n tó la ẹnu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí yóò dun àwọn kan nínú wa, mo sì fẹ́ kí ó dùn wọ́n díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé àdúrà kékeré kan ni. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa ni wọ́n gbé e wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kí ọmọ oníṣẹ̀ṣe náà lè ní ohun tí yóò mú lọ́wọ́ nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá mú Bíbélì tàbí Kùránì. Iṣẹ́ rere ni, mo sì yìn wọ́n tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n n kò tíì ka ojú ewé mẹ́ta tí mo fi gbé gègé mi sílẹ̀. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òrìṣà fún àwọn oúnjẹ wa." "Kí àwọn òrìṣà dáàbò bo àwọn ilé wa." "Kí àwọn orí wa má ṣe dà wá." Àwọn orí wa! Mo bi ẹni tí ó kọ ọ́ pé orí mélòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé wá sáyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Ibi tí a bá ti rí ésì, a fi 'àwọn' sí i."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òtítọ́ inú rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó jẹ́wọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe láìjẹ́wọ́. A ní a ti kọ ẹ̀sìn àlejò sílẹ̀, a tún padà wá sídìí ìṣẹ̀ṣe, ṣùgbọ́n a ń fi ìrònú Gẹ̀ẹ́sì bẹ òrìṣà, a wá ń fi "àwọn" bo ojú ésì kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí èdè wa ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí ara padà nítorí iye. Ajá kan ni o, ajá mẹ́wàá ni o, "ajá" náà ni. Bí mo bá wí pé mo ra iṣu ní ọjà Òkè-Àjẹ, ẹni tí ó gbọ́ mi kò tíì mọ̀ bóyá ẹyọ kan ni mo rà tàbí ẹrù kan, kò sì pọn dandan kí ó mọ̀. Bí iye bá wá ṣe pàtàkì, ohun èlò tí mo lè fi sọ ọ́ kún ọwọ́ mi. Mo lè kà á: iṣu mẹ́fà. Mo lè ní ọ̀pọ̀ iṣu. Mo lè nàka sí i: iṣu wọ̀nyí. Mo lè ní iṣu ńláńlá, kí àpètúnpè inú ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ju ẹyọ kan lọ. Mo sì lè ní àwọn iṣu. Gẹ̀ẹ́sì kò fún ẹni tí ń sọ ọ́ ní irú àyè yìí. Kí ó tó dárúkọ iṣu rárá, ó ti di dandan fún un kí ó yàn bóyá ọ̀kan ni tàbí ju ọ̀kan lọ. Ohun tí gírámà tiwọn fi ṣe ọ̀ranyàn, ìfẹ́-inú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni gírámà tiwa fi í sí.

Ìdí nìyẹn tí "orí wa" fi tó. Bí èèyàn ogún bá jókòó tí ìyá àgbà kan ní kí wọ́n gbé ọwọ́ wọn sókè, ọwọ́ ogún ni yóò gòkè, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ọwọ́ ta ni. Orí wa, orí kọ̀ọ̀kan wa ni. Bí ẹ bá wá sọ ọ́ di "àwọn orí wa", ẹ ti kó orí jọ sójú kan bí ẹni ń kó àgbọn sínú agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ kálukú ni ó yan orí tirẹ̀ lọ́dọ̀ Àjàlá. Àṣìṣe gírámà nìkan kọ́ nìyẹn mọ́.

Kí wá ni "àwọn" gan-an? Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú "àwọn ni mo rí", "àwọn ni wọ́n wá". Ohun tí a fi ń dúró fún agbo kan ni. Nígbà tí a bá ní "àwọn ọmọ ti dé", ohun tí ó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni agbo ọmọ kan tí èmi àti ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ gbé e síwájú orúkọ ènìyàn. "Àwọn Adé ti dé." Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rò pé Adé ti di púpọ̀. Adé àti àwọn tí ó bá a rìn ni wọ́n dé. Ará Japan ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: wọn kì í fi iye sára ọ̀rọ̀-orúkọ wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní "Tanaka-tachi", Tanaka àti agbo rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ "àwọn Ṣàngó" nítorí pé ó rí ésì nínú ìwé òyìnbó, etí Yorùbá yóò gbọ́ Ṣàngó àti ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ohun mìíràn ló fẹ́ sọ, ohun mìíràn ló sọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń lo "wọ́n" báyìí. Lọ́dọ̀ àwọn Ewe ní Tógò àti Gánà, "wo" tí ó túmọ̀ sí "àwọn" náà ni wọ́n ń fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀pọ̀ hàn. Ní Haiti, níbi tí wọ́n ti ń bọ vodou tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Dahomey àti lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń sọ "timoun yo": ọmọ, àwọn. Ní ìgboro Èkó, ọmọ Píjìn ń sọ "di pikin dem". Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ òyìnbó ni wọ́n kó, ṣùgbọ́n wọ́n ju ésì rẹ̀ nù, wọ́n fi arọ́pò-orúkọ sípò rẹ̀ bí ìyá wọn ti í ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbà pé ipa èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀kẹ̀ṣẹkẹ̀ kó lọ sókè òkun kò jẹ́ kí ésì jọba lórí òun. Àwa tí a jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde ni a wá ń tẹ́ ẹní fún un.

N kò sọ pé kí á ju "àwọn" nù o. Ẹ ka iye ìgbà tí èmi fúnra mi ti lò ó láti òkè wá. Àyè rẹ̀ wà, ó sì dùn-ún lò níbẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni kí á sọ ohun tí ó jẹ́ yíyàn di òfin.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀, kí ó wo àyíká wa. Lọ́dọ̀ Ẹ̀dó, ọmọ ìyá wa, orí ọ̀rọ̀ ni àmì iye wà: okhuo ni obìnrin kan, ikhuo ni obìnrin púpọ̀, okpia ni ọkùnrin kan, ikpia ni ọkùnrin púpọ̀. Lọ́dọ̀ Fúlàní, ọ̀rọ̀ náà máa ń paradà tán pátápátá: Pullo ni ẹnì kan, Fulɓe ni ọ̀pọ̀. Lárúbáwá ní ẹyọ, ó ní ọ̀pọ̀, ó sì ní ti èjì láàárín: walad ni ọmọkùnrin kan, waladān ni méjì, awlād ni láti mẹ́ta lọ sókè. Ará Túrkì ní àmì ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ka iye tán, ó gbé àmì náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ mẹ́ta ni yóò sọ, bíi tiwa. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń pe àgùntàn kan ní "sheep", ó sì ń pe ẹgbẹ̀rún ní "sheep". N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òyìnbó kò mọ iye àgùntàn tí òun ní.

Àwa náà kò ṣàìní irú àmì ti Ẹ̀dó rí, bí a bá lọ sẹ́yìn jìnnà tó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa, bí ọ inú "ọmọ" àti i inú "ilé", jẹ́ àjẹkù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àtijọ́. Fáwẹ̀lì náà kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ iye ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èdè Ẹ̀dó yìí ni mo fẹ́ mú jẹ́rìí, nítorí pé ìran méjì ni ó ń fi gírámà jà nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, mo sì ń bá àwọn méjèèjì jà.

Ìran kìíní ni àwọn tí ó gba ésì gbọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé "gods" ni a ń sìn, wọ́n kà á, wọ́n dájọ́ wa lórí iye tí wọ́n kà. Bọ́lájì Ìdòwú, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé gidi, gbìyànjú nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 láti gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀sùn náà. Ó ní ẹ̀sìn Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, àmọ́ tí ó fọ́n ká. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n inú àgọ́ ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn wá ni ó ti gbèjà wa. Ìbéèrè "ọ̀kan ni tàbí púpọ̀ ni?" ni ó gbà láìjiyàn, kí ó tó wá ìdáhùn tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ta ni ó sọ pé ìbéèrè náà ni ó ṣe kókó? Nínú èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ Jẹ́nẹ́sísì, Elohim tí wọ́n fi pe Ọlọ́run ní ìrísí ọ̀pọ̀, -im ìparí rẹ̀ jẹ́ àmì ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti ẹyọ. Kò sí pásítọ̀ kan tí yóò gbà kí n tìtorí ìyẹn sọ pé ọlọ́run rẹ̀ pọ̀. Èmi náà kò ní gbà kí ó fi ésì ka òrìṣà mi.

Ìran kejì ni tiwa gan-an, ibí yìí ni yóò sì ti dun àwọn kan. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ajàfáṣà wa pé Yorùbá kò ní àmì ọ̀pọ̀ nítorí pé àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé ohun gbogbo jẹ́ ọ̀kan. Ó dùn gbọ́ létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa Ẹ̀dó? Wọ́n ń bọ Ògún bí a ti ń bọ ọ́, wọ́n ń bọ Olókun, wọ́n ń dá Ifá, síbẹ̀ àmì iye ń bẹ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ṣé òye wọn kéré sí tiwa ni? Ará Ṣáínà àti ará Japan kò fi iye sára ọ̀rọ̀-orúkọ, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ di ọmọ awo. Ẹ jẹ́ kí á fi irú ọ̀rọ̀ báyìí sílẹ̀. Gírámà kò sọ ohun tí a gbà gbọ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi àyè sílẹ̀ tàbí kí ó gba àyè, àyè tí tiwa sì fi sílẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín dí.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú àyè náà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ni àṣà kà, láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti ń gbéra. Tami ń bọ̀ láti Òdògbólú, ìyókù ń bọ̀ láti ìlú tiwọn, Ìmòsan ni wọ́n ń forí lé. Nígbà tí wọ́n bá ń kọjá, obìnrin a sá wọlé, ilẹ̀kùn a tì, igbe a sì gba ìgboro pé Agẹmọ ń bọ̀. Agẹmọ mélòó? N kò tíì rí ẹni tí ń sá wọlé tí ó dúró béèrè. Tami nìkan, Agẹmọ ni. Gbogbo wọn lápapọ̀, Agẹmọ ni. Kì í ṣe pé a kò lè kà wọ́n. A mọ iye wọn, a mọ orúkọ oyè wọn, a mọ ẹni tí ó ń ṣáájú ẹni. A kàn lè sọ̀rọ̀ nípa Agẹmọ láìkọ́kọ́ yan ọ̀kan tàbí mẹ́rìndínlógún. Bí ìwé àdúrà bá kọ "àwọn Agẹmọ" lẹ́ẹ̀kan níbi tí ó bá yẹ, kò burú. Bí ó bá kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, ọmọ tí ó kà á dàgbà yóò rò pé "Agẹmọ" láìsí "àwọn" gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, àyè tí a ń wí yìí yóò sì dí mọ́ ọn nínú.

Tàbí kí ẹ wo ẹdan Òṣùgbó. Ère idẹ méjì ni, ọ̀kan akọ, ọ̀kan abo, ẹ̀wọ̀n so wọ́n pọ̀ lórí. Ẹdan ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí yóò kọ nọ́ńbà sí i lára ní mùsíọ́mù òkè òkun ní láti dúró ronú bóyá ohun kan ni òun gbà wọlé tàbí méjì. Ògún náà ńkọ́, tí a ń kì pé ó pé méje? Ṣé àwọn méje yẹn jẹ́ ọ̀kan ni, àbí ọ̀kan yẹn jẹ́ méje? Mo ti jókòó ti àgbà tí wọ́n bọ Ògún fún ọgọ́ta ọdún, n kò gbọ́ kí ìbéèrè yẹn dí wọn lọ́wọ́ ìbọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a sá fún ìṣirò. Ta ni ó fẹ́ràn kíka iye ju awo lọ? Ojú Odù 16, àpapọ̀ Odù 256, ikin 16, irúnmọlẹ̀ 401. Ọ̀kan tí ó lé lórí 400 yẹn, ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé ilẹ̀kùn tí a kò tì ni, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lè ráyè wọlé. Ènìyàn tí ó ń kà tó báyìí kò ṣàìní ọgbọ́n iye. Nọ́ńbà ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kù nípa "ẹ" àti "ìwọ", nítorí pé ibẹ̀ ni "àwọn" náà tún ń ba nǹkan jẹ́ sí. Nígbà tí ìwé àdúrà bá ti ní "àwọn òrìṣà", "ẹ gbọ́" ni yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà "wọn", "yín", títí dé òpin. Nínú èdè àjùmọ̀lò tí ó ti Ọ̀yọ́ wá, "ẹ" kan náà ni a ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn àti àgbà kan ṣoṣo. "Wọ́n" kan náà ni fún ogunlọ́gọ̀ àti fún bàbá ẹni. Mo ti gbọ́ tí ọmọ wa kan béèrè lẹ́yìn àdúrà pé ṣé nítorí pé Ọ̀ṣun jẹ́ àgbà ni a fi ní "ẹ", àbí nítorí pé ó pọ̀. Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Àwọn tí ó kọ́ ọ ni wọn kò ronú.

Nínú ẹ̀ka-èdè wa, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Nígbà tí Abíọ́dún Adétúgbọ̀ pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1967, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ni ó fi Ìjẹ̀bú sí pẹ̀lú Oǹdó àti Ìkálẹ̀. Lágbègbè yìí, ìyàtọ̀ láàárín "ẹ" àti "wọ́n" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. "Àn án wá" lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Àwọn onímọ̀ kan rò pé "ẹ" ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀yọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé inú arọ́pò-orúkọ láyé àtijọ́. Inú ìkúnlẹ̀ ni ó wà, inú oríkì, inú oyè, inú "bàbá mi" àti "ìyá mi" tí ó ṣáájú gbólóhùn. Ìyá ìyá mi bá òrìṣà sọ̀rọ̀ bí ẹnì kan ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, lórí eékún rẹ̀. Lónìí, akọ́mọléèdè kan yóò sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kò ní ìbọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń pe Ọlọ́run ní "ìwọ", kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Mo fẹ́ kí ìwé ọmọ Ìjẹ̀bú ní àdúrà tí a kọ ní Ìjẹ̀bú, kí "ẹ" má jẹ́ ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ọ̀wọ̀ ń gbà wọlé.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, tí a kò lè ṣe kí á má kọ, èrò mi kò gùn. Ará Kúbà ń sọ "los orichas", ará Bràsíìlì ń sọ "os orixás". N kò bá wọn jà; èdè Sípéènì àti Pọtogí ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n kí àwa fúnra wa má kọ "Orishas", "Odus" àti "babalawos" sára pátákó ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Òrìṣà, Odù, babaláwo: ẹ kọ ọ́ bí ó ti rí, kí Gẹ̀ẹ́sì fi "many" tàbí "these" gbé e bí ó bá wù ú. Mo mọ̀ pé àṣà náà pẹ́. Samuel Johnson tí ó jẹ́ ọmọ wa pe ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 ní The History of the Yorubas. Ésì ti wà lára wa láti orí èèpo ìwé ìtàn wa.

Mo ti dá ìwé àdúrà náà padà. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí "àwọn" mẹ́rìnlélógójì, mo fi mẹ́sàn-án sílẹ̀. Lára mẹ́sàn-án náà ni "àwọn òrìṣà tí a dárúkọ lókè yìí", nítorí pé agbo tí a mọ̀ ni, àti "àwọn ọmọ wa" tí ó wà lára èèpo ìwé. Ẹni tí ó kọ ọ́ pè mí lórí fóònù lálẹ́ àná láti jiyàn lórí méjì nínú èyí tí mo pa rẹ́. Lórí ọ̀kan, òun ni ó jàre, mo sì ti ní kí ó dá a padà síbẹ̀.